Block heater Ram Cummins 6.7 kò gbóná mọ́: ṣé wáyà ni àbí élímẹ́ǹtì?

awako_brooklynpark

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o, ẹ kú òtútù. Ram 3500 ọdún 2016 ni ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì Cummins 6.7, ó sì ń fa tírélà láàárín Minneapolis àti Fargo. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo bá ti ki pọ́lọ́ọ̀gì block heater (hítà tó ń fi iná ilé mú ẹ́ńjìnnì gbóná) bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì GFCI (èyí tó ń pa iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò) tó wà ní gàrééjì, GFCI á já láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ padà, á dúró díẹ̀, á tún já. Ó máa ń pọ̀ sí i lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ọ̀nà tí wọ́n da iyọ̀ sí dé.

Láti ọjọ́ mẹ́rin báyìí, kò já mọ́ rárá, ṣùgbọ́n hítà kò gbóná. Aago 10 alẹ́ ni mo so ó mọ́ iná. Nígbà tó fi di aago 5 ìdájí, òtútù ti dé -11°F, ìyẹn -24°C, ẹ́ńjìnnì sì tutù bí ẹni tí kò rí iná rí. Ó ń yí lọ́ra, ó ń tú èéfín funfun, kó tó di pé ó gbà. Bátìrì méjèèjì dára. Iná WAIT TO START ń tàn bó ṣe yẹ. Extension 16 gauge, ẹsẹ̀ bàtà 50, ni mo ń lò.

Wọ́n ní kí n pààrọ̀ wáyà àti élímẹ́ǹtì, ìyẹn apá hítà tó ń gbóná nínú kúláǹtì, pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. N kò fẹ́ da kúláǹtì nù nínú òtútù yìí bí kò bá pọn dandan. Mítà wà lọ́wọ́ mi, iye tó yẹ kí n máa wò ni n kò mọ̀.

rewaya_agba

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí inú yín dùn pé GFCI kò já mọ́. Bí nǹkan ṣe tẹ̀ lé ara wọn yẹn, kó kọ́kọ́ máa já, kó wá dákẹ́, kí hítà sì kú, ó ti fi ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ wò hàn.

Iṣẹ́ GFCI ni kó máa wọn iná tó jáde àti iná tó padà. Bí nǹkan bíi milliamp 5 bá sọnù sí ẹ́ẹ̀tì, á já. Ẹ fi 5 milliamp pín 120 fólítì, ẹ ó rí ohm 24,000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé omi iyọ̀ díẹ̀ tó wọ ẹnu ìsopọ̀ wáyà ti tó láti mú un já. Omi iyọ̀ yẹn kì í sì í jókòó lásán: bí iná ṣe ń gba inú rẹ̀ jò, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ bàbà ẹnu ìsopọ̀. Nígbà tó bá jẹ ẹ́ já, iná kò ní rí ọ̀nà dé élímẹ́ǹtì mọ́, GFCI á dákẹ́. Wáyà ni mo ń fura sí, pàápàá ẹnu rẹ̀ tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ra nǹkankan.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé sọ́kẹ́ẹ̀tì àti extension ń gbé iná. Ẹ so nǹkan tó ń jẹ iná gan-an mọ́ orí extension náà, bíi ẹ̀rọ ìgbẹrun. Gílóòbù kékeré lè tàn lórí wáyà tí okùn kan ṣoṣo kù nínú rẹ̀, kò dán ohunkóhun wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì ọkọ̀ kúrò lára iná pátápátá. Ẹ yí mítà sí ohm 200, ẹ fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ yọ iye tó bá fi hàn (0.2 sí 0.5 ló sábà máa ń jẹ́) kúrò nínú gbogbo ohun tí ẹ bá wọ̀n. Ẹ wọn àárín eyín pẹlẹbẹ méjèèjì. Wáàtì 750 ni hítà Cummins yìí, lórí 120 fólítì. 120 lọ́nà 120 jẹ́ 14,400. Ẹ fi 750 pín in, 19.2 ohm. Bí ẹ bá rí láàárín 18 sí 21, ọ̀nà iná kò já. Bí mítà bá kọ OL (ohm náà ga kọjá ohun tó lè kà), ó ti já níbì kan. Bí ó bá kọ 0 tàbí 1, ó ti bíríìjì, ẹ má ṣe so ó mọ́ iná mọ́.

Ẹ wá yí mítà lọ sí ibi tó ga jù, kí ẹ wọn eyín pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan sí eyín roboto. OL ló yẹ kó wà níbẹ̀. Iye yòówù tó bá jáde, iná ń jò nìyẹn. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì kọ èwo nínú eyín tín-ín-rín àti eyín fífẹ̀ ló ni ín. Láti eyín roboto sí irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà, kò gbọdọ̀ ju ohm kan lọ. Wáyà ẹ́ẹ̀tì nìyẹn, òun ló ń dáàbò bo ẹ̀mí.

Bí OL bá jáde láàárín eyín pẹlẹbẹ, ẹ tú wáyà kúrò lára élímẹ́ǹtì. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ́ńjìnnì ló wà, lábẹ́ ẹ̀rọ tí èéfín ń gbà jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oil cooler. Ó rọrùn láti dé ibẹ̀ láti ihò táyà iwájú ọ̀tún. Kí ẹ́ńjìnnì tutù o, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ooru èéfín wà. Òrùka tó ní ẹsẹẹsẹ ló dì í mú: ẹ fi ọwọ́ yí i sí òsì, kí ẹ fa ẹnu wáyà jáde tààrà láìlọ́ ọ. Kúláǹtì kankan kò ní dà nítorí èyí. Ẹ wá wọn eyín élímẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe wọn pọ́lọ́ọ̀gì.

iya_dizel_fargo

Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ pé pérépéré. Mo fẹ́ fi méjì kún un.

Iná WAIT TO START tí ẹ rí kò jẹ́rìí fún block heater rárá. Grid heater ni ti ìyẹn, bátìrì 12 fólítì ló ń lò, afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ló ń mú gbóná fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Block heater ń mú kúláǹtì gbóná láti ara iná ilé. Ọ̀kan lè kú kí èkejì máa ṣiṣẹ́.

Ẹ má sì tíì dá extension yín lẹ́bi. Wáàtì 750 ń fa áńpù 6.25. Wáyà 16 gauge tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 50, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.4 ohm, fólítì 2.5 péré ni ẹ ń pàdánù. Kò burú. Àwọn tó ń wa tírọ́ọ̀kù ńlá tó ní hítà 1500 wáàtì ló yẹ kó ṣọ́ra: áńpù 12.5 ni tiwọn. Lórí 16 gauge ẹsẹ̀ bàtà 100, fólítì 10 á sọnù, nǹkan bíi wáàtì 125 á sì máa gbóná sínú wáyà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ká irú wáyà bẹ́ẹ̀ jọ, ooru kò ní ríbi jáde, rọ́bà rẹ̀ á yọ́. 12 gauge ni kí wọ́n rà, kí wọ́n sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

awako_brooklynpark

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun, ìyá. Mo ti wọ̀n ọ́n. Extension dára, ẹ̀rọ ìgbẹrun ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Lórí pọ́lọ́ọ̀gì: eyín pẹlẹbẹ méjèèjì síra wọn, OL. Eyín tín-ín-rín sí roboto, OL. Eyín fífẹ̀ sí roboto, kilo-ohm 9. Roboto sí irin ẹ́ńjìnnì, 0.4 ohm.

Lẹ́yìn tí mo tú wáyà kúrò: élímẹ́ǹtì 19.6 ohm lẹ́yìn tí mo ti yọ ti mítà. Eyín rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ara ẹ́ńjìnnì, OL. Ṣùgbọ́n ẹnu wáyà ní omi díẹ̀ nínú, ìpẹtà aláwọ̀ ewé yí i ká, ọ̀kan nínú ihò rẹ̀ dúdú bí èédú. Ṣé mo lè gé ibi tó bàjẹ́ yẹn, kí n so wáyà pọ̀ kí n sì fi tépù dì í?

rewaya_agba

Ẹ ti rí i. Wáyà ni. Ẹ jẹ́ ká ka àwọn iye yẹn dáadáa, nítorí ẹlòmíràn lè bá irú rẹ̀ pàdé.

Eyín tín-ín-rín ni láìfù, eyín fífẹ̀ ni níútírà. Ihò dúdú yẹn ni ẹnu láìfù tó ti jóná. Kó tó já, láìfù ń gba inú omi iyọ̀ jò sí ẹ́ẹ̀tì, GFCI sì ń já. Nígbà tí láìfù já, omi náà ṣì wà láàárín níútírà àti ẹ́ẹ̀tì, òun ni kilo-ohm 9 tí ẹ rí. Níútírà kò fi bẹ́ẹ̀ ní fólítì tó yàtọ̀ sí ẹ́ẹ̀tì, nítorí náà iná tó ń jò gba ibẹ̀ kéré ju ohun tí GFCI lè mọ̀. Ká ní ẹ̀gbẹ́ láìfù ni 9 kilo-ohm yẹn wà, milliamp 13 ni ìbá máa jò, ìbá já lójú ẹsẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó yá.

Rárá o, ẹ má fi tépù dì í. Ibẹ̀ gbóná láti ara èéfín, ó ń gbọ̀n, táyà sì ń ta omi iyọ̀ lù ú. Tépù á ṣí láàárín oṣù kan, ẹ ó sì ní ìsopọ̀ tó ń ṣe páṣíà kọ́ńtáàtì pẹ̀lú áńpù 6 nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà àti ọ́ìlì. Iná ọkọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ẹ ra wáyà tuntun tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ rọ́bà àyọ́pọ̀. Wọ́n ń tà á lọ́tọ̀ láìsí élímẹ́ǹtì, ẹ kàn fún wọn ní nọ́ńbà VIN, nítorí ẹnu rẹ̀ yàtọ̀ láti ọdún kan sí òmíràn.

Kí ẹ tó so tuntun, ẹ fi oògùn ìnuwáyà fín eyín élímẹ́ǹtì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì bàbà rírọ̀ fọ̀ ọ́ títí tí àwọ̀ ewé á fi lọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Bí eyín náà bá ti ní ihò bíi ẹni tí kòkòrò jẹ, élímẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ lọ, ohm yòówù kó ní, nítorí ìsopọ̀ tí kò fọwọ́ kan ara dáadáa á tún jó ẹnu wáyà tuntun. Bí ó bá mọ́, ẹ fi dielectric grease fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa rọ́bà ẹnu rẹ̀ yíká. Rọ́bà ni o. Àwọn tó máa ń kún ihò náà fọ́fọ́ kì í jẹ́ kó wọlé dé òpin, òrùka á dà bí ẹni pé ó ti dè, àlàfo á sì kù sílẹ̀ lábẹ́.

Ẹ fa wáyà náà gba ọ̀nà tí kò ní kan èéfín, bẹ́líìtì, tàbí irin sítíárì. Ẹ yí sítíárì dé òpin lápá méjèèjì kí ẹ tó fún okùn ìdè rẹ̀. Ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì níwájú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó dojú kọ ilẹ̀, kí ìdérí rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo.

ojulowo_ina

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè níbì kan. OL tí wọ́n rí láàárín élímẹ́ǹtì àti ara ẹ́ńjìnnì kò tíì dá a láre. Bátìrì kékeré ni mítà fi ń wọn nǹkan. Élímẹ́ǹtì tó ti sán lè kọ OL lórí fólítì kékeré, kó sì jò lórí 120. Nínú páìpù élímẹ́ǹtì, àtíkè magnesium oxide ló pààlà láàárín okùn tó ń gbóná àti irin ìta. Bí irin ìta bá sán díẹ̀, àtíkè yẹn á fa omi mu.

Ẹni tó bá ní megger (mítà tó ń fi fólítì gíga wá ibi tí iná ń jò), kó fi fólítì 500 wọ̀n ọ́n láti eyín sí ara ẹ́ńjìnnì, wáyà kò gbọdọ̀ wà lára rẹ̀. Ó yẹ kó ju mega-ohm 1 lọ. Bí kò bá sí megger, ẹ so wáyà tuntun, kí ẹ fi í sí GFCI fún wákàtí kan. Bí ó bá já nígbà tí gbogbo ẹnu rẹ̀ gbẹ, élímẹ́ǹtì ló kù.

Mo bẹ gbogbo ẹni tó ń kà á: bí GFCI bá ń já, ẹ má gbé pọ́lọ́ọ̀gì lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ní GFCI, ẹ má sì gé eyín roboto. Ọkọ̀ dúró lórí rọ́bà táyà. Bí láìfù bá kan ara ẹ́ńjìnnì tí ẹ́ẹ̀tì kò sì sí, gbogbo ara ọkọ̀ ti di láìfù, ẹni tó bá dúró nínú yìnyín tó ń yọ́ tó sì di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú ni iná á gba ara rẹ̀ kọjá. Ọmọdé ló sábà máa ń sáré fọwọ́ kan ọkọ̀ kí àgbà tó jáde.

rewaya_agba

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mo gbà. Kí ó fi sí GFCI fún wákàtí kan kó tó fi sílẹ̀ mọ́jú.

tokunbo_wheels

Fún àwọn tó bá ń wa Chevrolet tàbí GMC tó ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Duramax, ẹ má fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí dá hítà yín lẹ́bi. Nínú ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì tiwọn, thermostat kan wà tí kì í jẹ́ kí iná kọjá àfi bí òtútù bá lọ sílẹ̀ ju 0°F, ìyẹn -18°C. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n nínú gàrééjì tó lọ́wọ́ọ́wọ́, tàbí ní oṣù October, OL ló máa rí, á sì lọ ra élímẹ́ǹtì tí kò nílò. Ẹ jẹ́ kí ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì wà nínú òtútù tó lọ sílẹ̀ ju -18°C, kó pẹ́ níbẹ̀, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ṣì kọ OL nígbà náà, ẹ wá tú u.

Òmíràn tún ni àwọn tó ra Ram tàbí Ford ní Houston tàbí Atlanta tí wọ́n wá kó lọ sí àríwá. Élímẹ́ǹtì lè wà nínú ẹ́ńjìnnì láti ilé iṣẹ́ kó má sì ní wáyà, nítorí wáyà jẹ́ ohun tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Ẹ wo ara ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó gbà pé kò ní hítà.

iya_dizel_fargo

Bí ẹ bá lọ ṣọ́ọ̀bù ní North Dakota tí àgbàlagbà kan bá bi yín nípa “headbolt heater”, ohun kan náà ló ń sọ. Andrew Freeman, ará Grand Forks, ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1949. Nígbà yẹn, bóòtù tó de orí ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ kan nínú rẹ̀ láti fi hítà rọ́pò rẹ̀, orúkọ yẹn ló kù sẹ́nu wọn.

Bí ó bá di dandan kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ élímẹ́ǹtì, ibi tí owó ti ń ṣòfò ni afẹ́fẹ́. Élímẹ́ǹtì tí kúláǹtì kò bò máa ń jóná kí ẹ tó ka iye tí ó pọ̀, tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Torí náà ẹ má ṣe so ó mọ́ iná láti “dán an wò” lórí tábìlì, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Mítà ló ń dán an wò.

Kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ da kúláǹtì sínú ike mímọ́ títí yóò fi lọ sílẹ̀ ju ihò hítà. Ẹ fọ ojú ihò náà títí irin á fi dán. Ibi tí ìpẹtà kékeré bá kù sí lábẹ́ O-ring (òrùka rọ́bà tó ń dí ojú ihò) ni kúláǹtì yóò ti máa jò. Ẹ fi kúláǹtì tuntun pa O-ring, kì í ṣe ọ́ìlì. Ẹ ti élímẹ́ǹtì wọlé kí apá tó ń gbóná má kan ògiri irin inú, nítorí ibi tó bá kàn án ni yóò ti sán. Ẹ dè é dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ kọ.

Ẹ wá da kúláǹtì padà, díẹ̀díẹ̀. Ram láti 2013 ń lo kúláǹtì irú tí wọ́n ń pè ní OAT. Ẹ má pò ó mọ́ HOAT ti àtijọ́. Àbọ̀ omi distilled, ìyẹn omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba oru rẹ̀ di omi padà, àbọ̀ kúláǹtì: ìyẹn ò ní dì títí dé -37°C. Omi ẹ̀rọ ń fi ẹfun lé ara élímẹ́ǹtì bí ìdí kẹ́túrù, ooru á há sínú, á jó. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí hítà inú ọkọ̀ dé òkè, títí thermostat á fi ṣí tí rọ́bà òkè rédíétọ̀ á gbóná. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wo ìwọ̀n kúláǹtì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ kún un. Ìgbà yẹn nìkan ni kí ẹ tó so ó mọ́ iná.

Ní ti wákàtí, láti alẹ́ mọ́jú ti pọ̀ jù. Wákàtí 4 tó fún òtútù -24°C. Lẹ́yìn ìyẹn, ooru tó ń jáde lára irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tó ń wọlé dọ́gba. Wáàtì 750 fún wákàtí 4 jẹ́ kilowatt-hour 3. Fún wákàtí 7, 5.25. Táímà ìta gbangba tó lè gbé áńpù 15 ni kí ẹ lò. Ẹ sì rántí pé hítà yìí kò dé inú táǹkì. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá ti dì bí ọ̀rá nínú fílítà, ẹ́ńjìnnì á yí dáadáa, kò kàn ní gbà ni. Dísẹ́ẹ̀lì ìgbà òtútù ni ìdáhùn ìyẹn.

awako_brooklynpark

Wáyà tuntun ti wà lára rẹ̀. Eyín élímẹ́ǹtì mọ́ lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́, kò ní ihò. Lórí pọ́lọ́ọ̀gì báyìí: pẹlẹbẹ sí pẹlẹbẹ 19.7 ohm, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí roboto, OL, roboto sí ẹ́ńjìnnì 0.3. Mo fi í sí GFCI fún wákàtí kan lójú mi, kò já. Mítà tó ń ka wáàtì lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì fi fólítì 118 hàn, áńpù 6.0, wáàtì 707. Ṣé 707 dípò 750 kò túmọ̀ sí pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́?

rewaya_agba

Rárá. 118 lọ́nà 118, ẹ fi 19.7 pín in, 707 náà ni. Fólítì ilé yín ló wà ní 118 dípò 120, ohm rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju 19.2 lọ. Ara rẹ̀ le. Ẹ fi bírò tí kì í parẹ́ kọ 19.7 àti ọjọ́ òní sára bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún un wọ̀n ní October tó ń bọ̀, kí yìnyín tó dé. Ìdérí ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì ńkọ́, ṣé ó bá wáyà tuntun wá?

awako_brooklynpark

Ó bá a wá, mo ti dé e. Ẹ ṣeun.